EUGENE ESMONDE: AKỌNI TÍ A RÁN NÍṢẸ́ ẸRÚ

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí kò ṣòro láti pa. Ohun tí ó ṣòro ni kí ọjọ́ iṣẹ́ ẹrú dé, kí ẹni tí a rán sì mọ̀ pé ó ti dé, kí ó tó gbéra. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún yìí jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ireland. Iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú ni ó ṣe, orí òkun sì ni ó kú sí ní ẹni ọdún 32. Orúkọ rẹ̀ ni Eugene Kingsmill Esmonde. Bí ènìyàn bá ń wá bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ láti máa fi bàálù jagun lórí omi, kò lè ṣe kí ó má bá orúkọ yìí pàdé, nítorí pé ohun tí ó dára nínú iṣẹ́ náà àti ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni ó pàdé pọ̀ nínú ayé ọkùnrin kan ṣoṣo yìí.

ÌDÍLÉ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1909 ni wọ́n bí Esmonde ní Thurgoland, abúlé kan ní agbègbè Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ni ó gbé àwọn òbí rẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí pé dókítà oníṣègùn ni baba rẹ̀, John Joseph Esmonde. Eily ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé baba wọn gan-an wà ní Drominagh, ní agbègbè Tipperary ní ilẹ̀ Ireland, ibẹ̀ ni wọ́n sì mú ọmọ náà padà sí nígbà èwe rẹ̀.

Ilé ńlá ni ilé Esmonde, ṣùgbọ́n ìtàn ilé náà ní ojú méjì. Ní ọdún 1798, nígbà tí àwọn ọmọ Ireland dìde láti já ara wọn gbà kúrò lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìdílé yìí, tí òun náà jẹ́ dókítà tí ó sì ń jẹ́ John Esmonde, wà lára àwọn tí ó dìde. Ìjọba mú un, wọ́n sì yẹgi fún un ní ìlú Dublin. Nítorí ìgboyà tí ó fi hàn nínú ogun Crimea ní ọdún 1855, ẹlòmíràn láti inú ìdílé kan náà, Thomas Esmonde, gba àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross, èyí tí kò sí òmíràn tí ó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Baba Eugene fúnra rẹ̀ di aṣòfin ní London ní ọdún 1910 láti ṣojú àríwá Tipperary, nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń béèrè pé kí àwọn ará Ireland máa ṣe ìjọba ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀, ó gbé aṣọ ológun wọ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà. Ó kú ní ọdún 1915, nígbà tí Eugene jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ilé tí Esmonde ti jáde wá nìyẹn: ilé tí wọ́n ti ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà, tí wọ́n sì tún ń bá a jagun. Kò yẹ kí èyí ya àwa ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu púpọ̀. Àwọn baba wa kan lọ jagun ní Bọ́mà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àwọn mìíràn ń béèrè òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà nílé, a sì mọ àwọn tí ó ṣe méjèèjì pọ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà Jesuit ni ó ti kàwé, ní Wimbledon College ní London lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Clongowes Wood ní ilẹ̀ Ireland. Ohun tí ó kọ́kọ́ wù ú láti ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ogun rárá. Ó fẹ́ di àlùfáà. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ Mill Hill, àwọn tí ń rán àlùfáà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè bí Uganda, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ wọn. Nígbà tí ó ṣe, ó rí i pé ọ̀nà yẹn kọ́ ni tòun, ó sì fi í sílẹ̀. Ní òpin ọdún 1928, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, tí a mọ̀ sí RAF, láti kọ́ bí a ti ń wa bàálù.

BÍ BÀÁLÙ ṢE DÉ ORÍ OMI

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí á sọ bí nǹkan ti rí nínú iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ̀, nítorí pé ohun tí ó pa á ní ọdún 1942 ti ní gbòǹgbò kí ó tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀.

Ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1912 ni Charles Samson, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun ojú omi, kọ́kọ́ wa bàálù fò kúrò lórí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ náà dúró lójú kan, Africa sì ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ó tún fò kúrò lórí ọkọ̀ mìíràn, Hibernia, nígbà tí ọkọ̀ náà ń lọ lórí omi, kò sì sí ẹni tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àlọ ni wọ́n rí ṣe, wọn kò rí àbọ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá fò kúrò lórí ọkọ̀ nígbà náà ní láti wá ilẹ̀ bà sí ní èbúté, tàbí kí ó bà sórí omi.

Edwin Dunning ni ó wá ọ̀nà àbọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1917, ní Scapa Flow, ó ba bàálù rẹ̀ lé ọkọ̀ Furious lórí bí ọkọ̀ náà ti ń lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì sáré di bàálù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ wọn kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Ọjọ́ karùn-ún sí i, ó tún gbìyànjú. Bàálù náà yí dànù sínú òkun, Dunning sì kú. Ẹni ọdún 25 ni. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ tí bàálù yóò máa bà lé gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn bí pápá. Ní ọdún 1918 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó rí bẹ́ẹ̀, Argus, jáde.

Ọdún 1918 yẹn gan-an ni nǹkan dàrú. Láti ọdún 1914 ni ọmọ ogun ojú omi ti ní ẹ̀ka bàálù tirẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bàálù nígbà tí ìjọba pàṣẹ, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1918, pé kí gbogbo bàálù ogun bọ́ sábẹ́ RAF. Láti ìgbà náà, RAF ni ó ni bàálù, ọmọ ogun ojú omi ni ó ni ọkọ̀. Ní ọdún 1924 wọ́n fún ẹ̀ka àárín méjì yìí ní orúkọ, Fleet Air Arm, ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ àjọni ni ó rí: olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ti fún un lóúnjẹ. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Japan, tí ọmọ ogun ojú omi wọn ń darí bàálù tiwọn, ń ṣe bàálù tuntun fún orí òkun, ti Gẹ̀ẹ́sì ń ṣá tì. Ọdún 1937 ni ìjọba tó gbà pé kí bàálù orí òkun padà sọ́wọ́ ọmọ ogun ojú omi, ọdún 1939 sì ni ó tó ṣẹ, oṣù díẹ̀ kí ogun tó dé.

Bàálù tí ọmọ ogun ojú omi bá lọ́wọ́ ni Swordfish. Bàálù ẹlẹ́nìyàn mẹ́ta ni: awakọ̀, afinimọ̀nà, àti ayìnbọn ẹ̀yìn. Apá rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bo egungun irin rẹ̀, kò sì ní òrùlé. Òjò àti òtútù a máa pa àwọn tí ó jókòó nínú rẹ̀. Abẹ́ ikùn rẹ̀ ni ó ń gbé tọ́pídò sí, ìyẹn àdó olóró gígùn tí a ń jù sínú omi kí ó lọ lu ọkọ̀ ní ìhà. Bí ó bá gbé tọ́pídò, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí 90 máìlì ní wákàtí kan lọ, nígbà tí bàálù ìjà àwọn Jámánì ń sá ju 350 lọ. Ẹ má ṣe rò pé kò wúlò o. Ní òru ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1940, Swordfish 21 fò láti orí ọkọ̀ Illustrious lọ sí èbúté Taranto ní Ítálì, wọ́n sì fi tọ́pídò lu ọkọ̀ ogun ńláńlá mẹ́ta níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òru ni wọ́n lọ, òjijì ni wọ́n sì bá ọ̀tá. Òru àti òjijì ni asà Swordfish. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn.

AWAKỌ̀ LẸ́TÀ

Esmonde ṣe ọdún márùn-ún nínú RAF, ó sì lo apá kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú Fleet Air Arm. Lẹ́yìn èyí ni ó bá ilé iṣẹ́ Imperial Airways ṣiṣẹ́ láti ọdún 1934. Ilé iṣẹ́ yìí ni ó ń fi bàálù kó lẹ́tà àti èrò káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Òun náà ni bàálù rẹ̀ ń gbé lẹ́tà wá sí Kano àti Èkó láti ọdún 1936. Ọ̀nà Ìlà-Oòrùn ni wọ́n fi Esmonde sí. Ní ọdún 1935, bàálù rẹ̀ já sínú odò Irrawaddy ní ilẹ̀ Bọ́mà, ó fara pa púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì di ọ̀gá awakọ̀ lórí àwọn bàálù ńláńlá tí ń bà sórí omi.

Iṣẹ́ yìí ní owó àti iyì nínú. Nígbà tí ọmọ ogun ojú omi gba bàálù rẹ̀ padà ní ọdún 1939, tí wọ́n sì ń wá àwọn ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ lójú méjèèjì, Esmonde fi Imperial Airways sílẹ̀, ó sì lọ wọṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Wọ́n fi í sórí ọkọ̀ Courageous. Ogun kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì rì í ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939. Ó lé ní 500 ènìyàn tí ó bá a lọ. Esmonde yè é. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 1940, wọ́n fi í ṣe olórí ikọ̀ bàálù 825, ikọ̀ Swordfish. Ikọ̀ yìí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

ÌJÀ BISMARCK

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1941, ọkọ̀ ogun àwọn Jámánì tí ó ń jẹ́ Bismarck fọ́ Hood, ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn jù, sí wẹ́wẹ́. Nínú 1,418 ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀, ẹni mẹ́ta péré ni ó yè. Gbogbo ọkọ̀ tí ó wà nítòsí ni wọ́n kó tì í. Ọ̀kan nínú wọn ni Victorious, ọkọ̀ tuntun tí kò tíì pé oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́, orí rẹ̀ ni Esmonde àti ikọ̀ 825 sì wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, nínú òjò àti ìjì, Esmonde kó Swordfish mẹ́sàn-án gbéra láti nǹkan bí 120 máìlì. Àwọn kan lára àwọn tí ó ń tẹ̀ lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ni. Wọ́n rí Bismarck, wọ́n kọjá láàárín ọta ìbọn rẹ̀, tọ́pídò kan sì bá a. Ìpalára náà kò pọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu ni pé gbogbo Swordfish mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni ó padà wá bà lé ọkọ̀ nínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ kejì sí i, ọjọ́ 26, àwọn Swordfish mìíràn láti orí Ark Royal lu ìtọ́kọ̀ Bismarck, kò sì lè yí ara rẹ̀ padà mọ́. Ní ọjọ́ 27 ni àwọn ọkọ̀ ogun rì í. Nítorí ipa tirẹ̀, wọ́n fún Esmonde ní àmì ẹ̀yẹ DSO.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé ikọ̀ rẹ̀ lọ sórí Ark Royal. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì lu òun náà nítòsí Gibraltar, ó sì rì. Èyí di ìgbà kejì tí ọkọ̀ yóò rì lábẹ́ Esmonde tí òun yóò sì yè. Ikọ̀ 825 padà sílé láti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ara rẹ̀ jọ. Bàálù mẹ́fà péré ni ó wà ní sẹpẹ́, àwọn ọmọdé tí wọ́n fi kún àwọn àgbà sì ṣì ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.

OGUN ÀGBỌ́TẸ́LẸ̀

Ní àkókò yìí, ọkọ̀ ogun ńlá mẹ́ta ti Jámánì wà ní èbúté Brest ní ilẹ̀ Faransé: Scharnhorst, Gneisenau àti Prinz Eugen. Hitler fẹ́ kí wọ́n padà sílé. Ọ̀nà tí ó kúrú jù ni ojú òkun tóóró tí ó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí 21 máìlì lọ níwájú ìlú Dover. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé wọn yóò gba ibẹ̀. Wọ́n ti ṣètò. Wọ́n rò pé ọ̀tá yóò fi ọ̀sán kúrò ní Brest kí ó lè gba iwájú Dover kọjá lóru. Nítorí náà, wọ́n ní kí ikọ̀ Esmonde lọ dúró ní pápá Manston ní agbègbè Kent, kí wọ́n lè bá àwọn ọkọ̀ náà jà nínú òkùnkùn, bí Swordfish ti ń jà. Esmonde gbà bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí yàtọ̀. Òru ni ọ̀tá kúrò ní Brest, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1942, kí ó lè gba iwájú Dover kọjá lọ́sàn-án, nígbà tí bàálù ìjà Jámánì lè dáàbò bò ó. Rédà àwọn bàálù aṣọ́nà Gẹ̀ẹ́sì yọnu lóru náà. Àwọn Jámánì da rédà etíkun rú láti òdìkejì. Awakọ̀ tí ó kọ́kọ́ fi ojú rí àwọn ọkọ̀ náà láàárọ̀ pa òfin mọ́, kò sọ̀rọ̀ lórí rédíò títí ó fi bà sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n kí àwọn ọ̀gá tó mọ ohun tí ó ń kọjá níwájú ilé wọn.

Ohun tí ó wà nítòsí tí wọ́n lè rán ní kíákíá kò pọ̀. Swordfish mẹ́fà wà ní Manston.

ỌJỌ́ KEJÌLÁ OṢÙ KEJÌ

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ọjọ́ 11, Esmonde wà ní ààfin Buckingham ní London, níbi tí Ọba George Kẹfà ti fi àmì ẹ̀yẹ DSO tí ó gbà nítorí ìjà Bismarck lé e láyà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kú.

Wọ́n ṣèlérí fún un pé ikọ̀ bàálù ìjà Spitfire márùn-ún yóò bá wọn lọ, kí wọ́n lè máa lé àwọn bàálù ọ̀tá kúrò lára wọn. Ní nǹkan bí agogo méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, Swordfish mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lójú ọ̀run lókè Ramsgate, wọ́n ń yípo, wọ́n ń retí. Ikọ̀ kan ṣoṣo ni ó dé, Spitfire mẹ́wàá. Àwọn yòókù pẹ́, wọn kò sì bá wọn pàdé.

Ibi tí gbogbo ìtàn ayé Esmonde dúró lé nìyí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó mọ̀ pé òru ni wọ́n ṣètò fún, ọ̀sán ni ó sì dé yìí. Ó mọ̀ pé asà tí wọ́n ṣèlérí fún un kò dé. Ènìyàn 17 ni ó ń tẹ̀ lé e, àwọn kan nínú wọn kò tíì lọ sí ogun rí. Lọ́wọ́ kejì, ó mọ̀ pé bí òun bá ń dúró, àwọn ọkọ̀ náà kò dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, Swordfish kò ní lè bá wọn mọ́. Ó yí orí bàálù rẹ̀ sí òkun, ó sì lọ. Àwọn márùn-ún yòókù tẹ̀ lé e.

Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Àwọn bàálù ìjà Jámánì bo ojú ọ̀run, Spitfire mẹ́wàá kò sì lè lé wọn tán. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ó yí ọkọ̀ ńlá mẹ́ta náà ká ń yìnbọn, àwọn ọkọ̀ ńlá pàápàá ń yin ìbọn ńlá wọn sínú omi kí omi lè ru gùdù níwájú àwọn bàálù. Ọta fọ́ apá òsì bàálù Esmonde. Kò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ó ń bá ọkọ̀ ńlá náà lọ tààrà títí bàálù rẹ̀ fi já sínú òkun. Òun, afinimọ̀nà rẹ̀ William Williams, àti ayìnbọn rẹ̀ Jack Clinton, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kú. Àwọn bàálù méjì tí ó tẹ̀ lé e jù tọ́pídò wọn kí àwọn náà tó já. Àwọn mẹ́ta tí ó kẹ́yìn wọnú èéfín lọ, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn mẹ́sàn-án tí ó wà nínú wọn kò sì padà wá ròyìn.

Swordfish mẹ́fà lọ, ẹyọ kan kò bọ̀. Nínú ènìyàn 18, márùn-ún ni wọ́n yọ láàyè nínú omi. Kò sí tọ́pídò kan tí ó bá ọkọ̀ kankan.

LẸ́YÌN IKÚ RẸ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1942, ìjọba kéde pé wọ́n ti fún Esmonde ní Victoria Cross. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú Fleet Air Arm tí ó gba á nínú ogun náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó tún gba á lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó lọ gba á ní ààfin. Ní òpin oṣù Kẹrin, omi gbé òkú rẹ̀ wá sí ẹnu odò Thames, wọ́n sì sin ín ní Gillingham ní agbègbè Kent. Wọ́n fún àwọn márùn-ún tí ó yè náà ní àmì ẹ̀yẹ. Edgar Lee ni ó kẹ́yìn láàyè nínú wọn. Ọdún 2009 ni ó kú.

Inú bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidigidi. Wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí pé ọkọ̀ ogun ọ̀tá kọjá níwájú ilé wọn lọ́sàn-án gangan. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí lábẹ́ Adájọ́ Bucknill, ṣùgbọ́n ogun parí kí wọ́n tó jẹ́ kí aráyé ka àbọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1946. Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ náà kò sì dára tó bí àwọn Jámánì ti rò. Scharnhorst àti Gneisenau kọlu àdó olóró tí wọ́n rì sínú omi lójú ọ̀nà kí wọ́n tó délé. Kò pé oṣù náà tán tí bọ́ǹbù fi bá Gneisenau ní Kiel, kò sì tún jagun mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Ireland kò bá ẹnikẹ́ni jagun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù, Churchill sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba náà, ó sì dárúkọ Esmonde mọ́ àwọn akọni ọmọ Ireland tí ó jà. Ìjọba tí ó yẹgi fún ọ̀kan nínú ìdílé náà ní ọdún 1798 ni ó wá ń fi orúkọ òmíràn ṣe àríyànjiyàn ní ọdún 1945. Òkú kò lè dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn ìdílé rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í ṣe ti ẹnì kan nínú wọn nìkan.

Iṣẹ́ tí ó kú sí kò parí pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń lo Swordfish títí di ọdún 1945, pàápàá láti máa dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi, níbi tí eré sísá kò ti ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1945, Eric Brown ba bàálù jẹ́ẹ̀tì lé ọkọ̀ Ocean, èyí tí kò sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ronú kan ojú ọkọ̀ tí a dá ní ìbú, kí bàálù tí kò bá rí ibi dì mú lè tún fò lọ láìkọlu èyí tí ó wà níwájú. Àwọn náà ni ó fi agbára ooru omi ju bàálù sókè, tí wọ́n sì fi dígí júwe ọ̀nà fún awakọ̀ tí ń bọ̀ wá bà. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọgbọ́n wọ̀nyí lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ Queen Elizabeth tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2017 wúwo tó 65,000 tọ́ọ̀nù. Ọ̀nà náà jìn sí ọkọ̀ Africa ti ọdún 1912.

Ẹ̀KỌ́ INÚ ÌTÀN YÌÍ

Àwọn kan lè sọ pé òfò ni ikú Esmonde, pé ènìyàn 13 kú láìrí nǹkan kan fi hàn. Àwọn mìíràn lè sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, pé akin kì í wo ẹ̀yìn. Ní tèmi, àwọn méjèèjì kò tíì pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì bí ó ti yẹ. Iṣẹ́ tí a rán ni ọ̀tọ̀, bí a ti jẹ́ ẹ ni ọ̀tọ̀. Àwọn tí ó rán Esmonde ti ní ogún ọdún láti wá bàálù tí ó dára ju Swordfish lọ, wọ́n fi í ṣe àríyànjiyàn ta ni ó ni í. Wọ́n gbọ́ ogun tẹ́lẹ̀, wọn kò sì bi ara wọn léèrè bí ọ̀tá kò bá wá ní àkókò tí àwọn yàn fún un. Wọ́n ṣèlérí ikọ̀ márùn-ún, wọ́n mú ọ̀kan wá. Gbogbo èyí ni iṣẹ́ ẹrú. Kò sí ìgboyà ẹni tí a rán tí ó lè wẹ ẹni tí ó rán an mọ́, àmì ẹ̀yẹ pàápàá kò sì gbọdọ̀ di aṣọ tí a fi ń bo àìbìkítà mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàárín iṣẹ́ ẹrú náà, Esmonde ṣe ohun kan tí kò sí ẹni tí ó lè rán an. Kò ní kí àwọn ọmọdé máa lọ níwájú kí òun máa bọ̀ lẹ́yìn. Bàálù tirẹ̀ ni ó ṣáájú, òun ni ọta ọ̀tá sì kọ́kọ́ ń wá. Bí a ti ń jẹ́ iṣẹ́ bí ọmọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń ka ìwé yìí ní yunifásítì yóò di ọ̀gá lọ́la. Wọ́n yóò máa rán ènìyàn níṣẹ́: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, ṣójà. Kí á má ṣe máa gbóríyìn fún Esmonde nìkan. Kí á béèrè lọ́wọ́ ara wa bóyá Spitfire tí a ṣèlérí ti dé kí á tó ní kí ẹnikẹ́ni gbéra.